Ẹnu Bí i Ti Odídẹrẹ́: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Ìpínsísọ̀rí Ẹja Awú, Mólà àti Àwọn Ìbátan Wọn Tó Ti Di Òkúta

Ìfáárà

Ẹja kan wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ pé bí apẹja bá fà á jáde nínú àwọ̀n, ńṣe ni yóò máa gbé afẹ́fẹ́ mì títí ikùn rẹ̀ yóò fi wú bíi bọ́ọ̀lù. Ẹnu rẹ̀ kò jọ ti ẹja. Ti odídẹrẹ́ ló jọ, nítorí eyín rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di abala líle mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹja awú ni n ó máa pè é nínú bébà yìí. Ẹja awú kò dá wà. Àwọn onímọ̀ kó òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀wọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tetraodontiformes. Ìdílé mẹ́wàá ló wà nínú ọ̀wọ́ náà lóde òní, ẹ̀yà tó wà nínú wọn sì lé ní 400.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àwọn ẹja tí wọ́n kó pọ̀ báyìí yóò rò pé ẹni tó kó wọn jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹja òòrẹ̀ wà níbẹ̀, tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀ bíi ti òòrẹ̀ inú igbó. Ẹja alápótí wà níbẹ̀, tí ìpẹ́ rẹ̀ ti di awo líle tí a kàn mọ́ ara wọn bí àpótí, tó fi jẹ́ pé ojú, ẹnu, lẹ́bẹ́ àti ìrù nìkan ló lè mì. Balistes wà níbẹ̀, tó ń fi ẹ̀gún kékeré kan ti ẹ̀gún ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ pa bí ẹni ti ìlẹ̀kùn. Mólà náà sì wà níbẹ̀, òmìrán tí kò ní ìrù, tó dà bí orí ẹja lásán tí ń lúwẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n rí òkú rẹ̀ ní erékùṣù Azores ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 wọn 2,744 kìlógíráàmù, kò sì tíì sí ẹja eléegun mìíràn tí a wọ̀n tó wúwo jù ú lọ. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ọmọ ìyá ni àwọn wọ̀nyí?

Ohun tí bébà yìí fẹ́ ṣe kì í ṣe láti ka orúkọ ẹja. Ohun tó fẹ́ ṣe ni láti yẹ iṣẹ́ àwọn tó to àwọn ẹja náà sí ìdílé wò gẹ́gẹ́ bí lámèyítọ́ ṣe ń yẹ iṣẹ́ òǹkọ̀wé wò. Kí ni wọ́n sọ? Orí kí ni wọ́n gbé e kà? Ǹjẹ́ ohun tí wọ́n gbé e kà lè rù ú? Èrò tèmi, kí n tètè sọ ọ́, ni pé ọ̀rọ̀ méjì ló ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ìdílé tó wà láàyè lónìí jẹ́ ọmọ bàbá kan; ẹ̀rí èyí lágbára. Èkejì ni pé àwọn òkúta kan tó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 70 jẹ́ ẹ̀ka ìdílé kan náà. Ẹ̀rí ìyẹn kò tíì tó ẹrù tí a ti dì lé e lórí. Bí a kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, agbára ti àkọ́kọ́ ni yóò máa bo àìlera ti èkejì mọ́lẹ̀.

Ogún tí Cuvier fi sílẹ̀

Georges Cuvier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ fún àwọn ẹja wọ̀nyí ní orúkọ kan ṣoṣo. Nínú ìwé rẹ̀, Le Règne animal, tó jáde ní 1817, ó ṣàkíyèsí pé eegun àgbọ̀n òkè wọn so mọ́ ara wọn pinpin, kò ṣeé mì bó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ẹja yòókù. Orúkọ tó fún wọn túmọ̀ sí àwọn tí a hun àgbọ̀n wọn pọ̀. Ó wá pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí eyín wọn hàn síta bí ẹnu ẹyẹ, ìyẹn ẹja awú, ẹja òòrẹ̀ àti mólà, ló pè ní Gymnodontes. Àwọn tí awọ wọn le, tí eyín wọn sì dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn Balistes àti ẹja alápótí, ló pè ní Sclerodermes.

Ó yẹ kí a yin Cuvier fún ojú tó fi rí i. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rántí pé Cuvier kò gbà pé ẹ̀dá kan lè yí padà di òmíràn. Lójú tirẹ̀, ìdílé kò ju ọ̀nà ìtòjọ lọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá to ìkòkò ọlọ́wọ́ sí apá kan, tó to èyí tí kò lọ́wọ́ sí apá kejì. Àwọn tó dé lẹ́yìn Darwin ló gba àpótí tí Cuvier kàn, tí wọ́n da ìtàn ìran sínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Apá kejì nínú ìpín Cuvier kò ní ohun tó so ó pọ̀ ju pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò ní ẹnu odídẹrẹ́. A kì í fi ohun tí ènìyàn méjì kò ní sọ wọ́n di ọmọ bàbá kan. Síbẹ̀, ìpín yìí wà nínú ìwé fún ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún, àwọn ènìyàn ńlá sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Iṣan àti eegun

Iṣẹ́ méjì ló yí ọ̀rọ̀ yìí padà láàrin ọdún mẹ́fà síra wọn. Èkínní ni ti Richard Winterbottom ní 1974, tó gbé e ka orí iṣan. Èkejì ni ti James C. Tyler ní 1980, tó gbé e ka orí eegun. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn méjèèjì, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn kì í ṣe ti iṣan àti eegun nìkan. Ìyàtọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ẹ̀rí ni.

Winterbottom gba ọ̀nà tí Willi Hennig, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti là sílẹ̀. Hennig ní kì í ṣe gbogbo ìjọra ló ń sọ ẹni di ará ilé kan. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ní imú kan àti etí méjì, ìyẹn kò sọ ohunkóhun fún wa nípa agboolé wọn, nítorí pé gbogbo ọmọ aráyé ló ní i. Ṣùgbọ́n bí méjì nínú wọn bá bu ilà kan náà, tí ẹni kẹta kò sì bù ú, a ti ní ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀. Àmì tuntun tí ìdílé kan jọ ní, tí àwọn tó wà lóde kò ní, ni ẹ̀rí. Àmì àtijọ́ tí gbogbo ayé jọ ní kì í ṣe ẹ̀rí, bó ti wù kó hàn sójú tó.

Pẹ̀lú òfin yìí ni Winterbottom fi la àwọn ẹja náà, tó sì tọ iṣan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ó ti so mọ́ eegun dé ibi tó parí sí. Ohun tó rí ni pé àwọn ẹlẹ́gùn-ún kan tí a ń pè ní Triacanthodidae àti Triacanthidae dá dúró ní apá kan, tí gbogbo ìyókù sì wà ní apá kejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Balistes àti ẹja alápótí sún mọ́ ẹja awú ju bí wọ́n ti sún mọ́ àwọn ẹlẹ́gùn-ún wọ̀nyí lọ, bẹ́ẹ̀ ìpín àtijọ́ ti kó wọn papọ̀. Bí iṣan bá jẹ́rìí tòótọ́, apá kejì nínú ilé Cuvier ti wó.

Tyler kò rìn lójú ọ̀nà kan náà ní 1980. Ìwé rẹ̀ lé ní irinwó ojú ewé, àwòrán eegun sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Orúkọ àtijọ́ tí Cuvier fún ọ̀wọ́ náà ṣì wà nínú àkọlé rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì mọ eegun ẹja wọ̀nyí tó o ṣáájú rẹ̀, n kò sì rò pé àsọdùn ni bí a bá ní gbogbo ẹni tó ti kọ ohunkóhun lórí wọn láti ìgbà náà ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣe ìdájọ́ jẹ́ bí àgbà tó mọ ìtàn ìlú ṣe ń ṣe é: ó wo gbogbo eegun pọ̀, ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó sì sọ ẹni tó bí ẹni. Ẹni tó bá ń kà á kò lè tún ìrònú náà rò fúnra rẹ̀ kó sì rí ibi tí òun ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní láti gbà á gbọ́ tàbí kó kọ̀ ọ́. Ti Winterbottom yàtọ̀. Ẹni tí kò bá gba èsì rẹ̀ lè tọ́ka sí iṣan kan pàtó, kó ní, "Èyí kì í ṣe àmì tuntun," kí igi ìdílé náà sì yí.

Àwọn kan ń fi èyí bu ẹnu àtẹ́ lu Tyler. N kò bá wọn lọ pátápátá. Òfin tó mọ́ kedere lórí eegun tí a kò yẹ̀ wò dáadáa kò wúlò ju ìdájọ́ àgbà lọ. Ohun tó tún yẹ ká fi sọ́kàn ni pé Tyler fúnra rẹ̀ kò jókòó sójú kan. Ní 2003, òun àti Francesco Santini tún gbogbo rẹ̀ tò, àwọn ààyè àti àwọn tó ti di òkúta pọ̀, lọ́nà Hennig, wọ́n sì to àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò wọ́pọ̀ kí onímọ̀ tó ti kọ ìwé ńlá ní ọ̀nà kan gbà, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé, láti padà kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn.

Ohun tó jọ ohun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Òwe yìí kò sọ pé èèpo ẹ̀pà ni pósí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti kà á bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tó mọ́ jù lọ ni ti Donn Rosen ní 1984. Rosen kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹtagí onímọ̀ ẹja ní Amẹ́ríkà ni. Ó wo àwọn ẹja tí a ń pè ní Zeiformes, ẹja pẹlẹbẹ tí ẹnu wọn ń yọ síwájú bí ẹ̀rọ ìfami, ó sì rí ìjọra púpọ̀ láàrin eegun wọn àti ti ọ̀wọ́ ẹja awú. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé ẹ̀ka àtijọ́ nínú ọ̀wọ́ kan náà ni Zeiformes jẹ́. Àlàyé rẹ̀ kún, ó sì fi ẹ̀rí gbè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wá ka DNA àwọn ẹja wọ̀nyí, ẹ̀gbẹ́ ẹja kọ́ọ̀dù, tí a ń fi àwọn oríṣi rẹ̀ ṣe okpòròkó, ni Zeiformes bọ́ sí, ibi tó jìnnà pátápátá. Àwọn tó sì wá sún mọ́ ọ̀wọ́ ẹja awú nínú DNA ni ẹ̀gbẹ́ Lophiiformes, àwọn ẹja olórí ńlá tó ń fi ẹran kékeré orí ìwọ̀ iwájú orí wọn tan ẹja mìíràn wá sẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé àṣìṣe Rosen kò wá láti inú àìmọ̀. Ilé méjì tí kò tan lè bu ilà kan náà. Ara tó kúrú, eegun ẹ̀yìn tó dín níye, ihò ìmí tó há, lẹ́bẹ́ abẹ́ ikùn tó ti dín kù tàbí tó ti pòórá: gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ohun tí ẹja lè ní lọ́nà púpọ̀. Ohun tí a fi kún ara ṣòro láti ṣe lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀nà kan náà. Ohun tí a yọ kúrò kò ṣòro. Ẹni méjì lè pàdánù ìka ọwọ́ kan náà láìtan mọ́ ara wọn.

Oró náà ń kọ́? Oró tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹyin ọ̀pọ̀ ẹja awú, tó lè pa ènìyàn, wà lára ẹ̀dá mìíràn tí kò bá ẹja tan rárá, àwọn kan nínú ẹ̀yà òkítìpúpọ̀ omi tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ pẹ̀lú. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é. Kò sí ohun tó ń sọ nípa ìdílé.

Àwọn òkúta

Apá yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa sinmi lé. Ibi méjì ló yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ nínú àkókò.

Ibi kan ni Monte Bolca, nítòsí Verona ní Ítálì, níbi tí òkúta ẹfun ti pa ẹja mọ́ fún nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 50, tó fi jẹ́ pé a lè ka eegun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹja Bolca kò mú iyèméjì wá. Eotetraodon, ẹja awú kékeré ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ẹja awú yóò mọ̀ ọ́n. Èyí tó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù ni Eoplectus, tí Tyler fún lórúkọ ní 1973. Ó ní ẹ̀gún lẹ́yìn àti lábẹ́ ikùn bíi ti àwọn ẹlẹ́gùn-ún àtijọ́, ó sì tún ní ẹnu bíi ti odídẹrẹ́. Ẹja tí kò yẹ kó wà bí ìpín Cuvier bá jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé ni èyí, nítorí pé ó fi ẹsẹ̀ kan sí apá kìíní, ó fi èkejì sí apá kejì. Ní 2016 ni Roger Close àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣàlàyé òmíràn, Ctenoplectus, láti inú amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti ìbẹ̀rẹ̀ Eocene. Wọn kò fọ́ òkúta náà. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán wo inú nǹkan ni wọ́n fi rí eegun inú rẹ̀, àmì àtijọ́ àti àmì tuntun sì dàpọ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀ pẹ̀lú. Irú òkúta báyìí ni mo ń pè ní ẹlẹ́rìí: ó ní ohun tí a fi kún, kì í ṣe ohun tí a yọ nìkan.

Láàrin àwọn tó wà láàyè, ẹnì kan ṣoṣo ló jọ àwọn ẹlẹ́rìí yìí, òun ni Triodon macropterus, ẹja òkun Íńdíà àti ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì. Abala eyín mẹ́ta ló ní, méjì lókè, ẹyọ kan nísàlẹ̀. Òun nìkan nínú àwọn ẹlẹ́nu odídẹrẹ́ ló ṣì ní eegun ìbàdí àti eegun ìhà. Ẹja awú ti sọ méjèèjì nù.

Ibi kejì ni ti Cretaceous, ṣáájú kí àwọn dáínósọ̀ tó run. Òkúta mẹ́ta ni. Plectocretacicus, tí Sorbini fún lórúkọ ní 1979, wá láti Hakel ní Lẹ́bánónì, ó sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 95. Protriacanthus wá láti Komen ní Slofíníà. Cretatriacanthus, tó kéré lọ́jọ́ orí jù nínú wọn, wá láti Nardò ní gúúsù Ítálì. Ní 1996, Tyler àti Sorbini kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sínú ìdílé ńlá kan, wọ́n sì pè wọ́n ní àwọn tó pẹ́ jù lọ tó sì jẹ́ ti àtijọ́ jù lọ nínú gbogbo ọ̀wọ́ ẹja awú. Iṣẹ́ 2003 gbà bẹ́ẹ̀, ó fi wọ́n sí ìdí igi gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìpinnu yìí gbé ka ara rẹ̀. Ẹja kékeré ni wọ́n. Ìwọ̀nba òkúta díẹ̀ la ní. Ọ̀pọ̀ nínú àmì tó so wọ́n mọ́ ọ̀wọ́ náà jẹ́ àmì ìhámọ́ra, bí ẹ̀gún àti awo ara, tàbí àmì ìdínkù irú èyí tí mo sọ lókè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ẹnu odídẹrẹ́, èyí kò sì yani lẹ́nu bó bá jẹ́ pé ìdí igi ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, láàrin ti Nardò àti àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ Eocene, ó lé ní mílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá. A lè ní ìdílé kan fara pamọ́ fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. A sì tún lè ní àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ ìdílé mìíràn tó ti kú tán, tó hámọ́ra nítorí ọ̀tá inú òkun Cretaceous gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe hámọ́ra lẹ́yìn wọn. Bí mo ti ka àlàyé náà tó, n kò rí àmì kan tó ti èrò kejì yìí síta.

Kí ló wá dé tí a fi ń jà lórí ẹja mẹ́ta tó ti kú? Ìdí ni pé orí wọn ni aago sinmi lé. Bí àwọn onímọ̀ DNA bá fẹ́ mọ iye ọdún tí ìdílé kan ti wà, òkúta ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Bí Plectocretacicus bá jẹ́ ọmọ ilé, ọ̀wọ́ ẹja awú ti yà kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀ ṣáájú mílíọ̀nù ọdún 94, gbogbo ẹ̀ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú igi ńlá ẹja ẹlẹ́gùn-ún sì gbọ́dọ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá jẹ́ ọmọ ilé, aago náà yóò sá padà sẹ́yìn lọ́nà tó pọ̀. Ní 2017, Dahiana Arcila àti Tyler kọ ọ́ pé ìkúkúkú ńlá kan bá ọ̀wọ́ yìí nígbà tí ayé móoru lójijì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 56 sẹ́yìn. Èrò tó dùn mọ́ni ni, ó sì ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti mọ iye ẹni tó kú, a ní láti kọ́kọ́ mọ iye ẹni tó wà nílé. Bolca, Denmark, òkè Caucasus, Lọ́ńdọ̀nù: ibi tí òkúta ti pa ẹja mọ́ kò pọ̀, gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní agbègbè kan náà nínú òkun àtijọ́ tó bo apá Yúróòpù. Bí ibi mélòó kan bá ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní àkókò kan, tí fèrèsé náà sì tì lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń wo láti òde lè rò pé àwọn ará ilé ti kú.

Ìrù mólà

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí a ti yanjú wé èyí tí a kò tíì yanjú. Ẹ̀yìn mólà parí sí ohun kan bí abẹ̀bẹ̀ tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣé ìrù ni? Èrò méjì ló ti wà fún ọjọ́ pípẹ́. Àwọn kan ní ìrù tó ti yí padà ni; àwọn kan ní ìrù ti pòórá, pé lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àti lẹ́bẹ́ ìdí ló gùn títí wọ́n fi pàdé lẹ́yìn ara. Ènìyàn lè fi ọgọ́rùn-ún ọdún wo mólà àgbà láìlè dáhùn ìbéèrè yìí. Ní 2005, G. David Johnson àti Ralf Britz kò wo àgbà mọ́. Ọmọ ẹja Ranzania, ìbátan mólà, ni wọ́n kó jọ láti kékeré dé ńlá, wọ́n sì rí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àti ti ìdí bí wọ́n ṣe ń gbòòrò síhìn-ín sọ́hùn-ún, nígbà tí ìrù tòótọ́ kò yọ rárá. Ọ̀rọ̀ parí. Bí a bá tilẹ̀ wo ọmọ mólà dáadáa, ẹ̀gún yí i ká bí ẹja awú kékeré. Ó yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ fi fún un lórúkọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹja mìíràn.

Ohun kan náà ni Gareth Fraser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún ẹnu odídẹrẹ́ ní 2012. Wọ́n fi hàn pé ẹja awú kọ́kọ́ ń hu eyín bí ẹja yòókù, kí eyín tó tẹ̀ lé wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò lé ara wọn ní ìpele-ìpele láti di ẹnu náà. Bí a ṣe ń kọ́ ilé sọ fún wa nípa ilé ju ògiri rẹ̀ lọ. Ibi tí èyí ti kan ọ̀rọ̀ wa ni pé a kò lè rí ọmọ Plectocretacicus tí ń dàgbà.

DNA àti orúkọ

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé DNA ti parí ìjà yìí kò tíì ka àwọn iṣẹ́ náà. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan tàbí méjì: ẹja awú àti ẹja òòrẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá, Balistes àti àwọn ìbátan rẹ̀ aláwọ̀ gbágungbàgun tí a ń pè ní Monacanthidae jẹ́ ọmọ ìyá, ìdílé méjèèjì ti ẹja alápótí náà sì jẹ́ ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ibi tí mólà wà ń yí láti iṣẹ́ kan sí òmíràn, Triodon náà ń yí. Nínú àwọn igi kan, àwọn ẹlẹ́nu odídẹrẹ́ kò dúró papọ̀ mọ́. Bí ìyẹn bá jẹ́ òtítọ́, nínú méjì, ọ̀kan: yálà ẹnu náà ti yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí àwọn kan ti ní i rí kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Èyí kì í ṣe nítorí àìtó DNA. Ẹja awú Japan, Takifugu rubripes, wà lára àwọn ẹ̀dá eléegun ẹ̀yìn tí a kọ́kọ́ ka gbogbo DNA wọn, ní 2002, nítorí pé DNA rẹ̀ kúrú, ó tó nǹkan bí ìdá mẹ́jọ ti ènìyàn. A ti ka ìwé náà tán kí a tó mọ ilé tí òǹkọ̀wé ti wá. Èrò mi ni pé àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí yà kúrò lára ara wọn ní àkókò kúkúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àmì kò fi ráyè kóra jọ láàrin wọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òkúta bíi ti Eoplectus àti Ctenoplectus yóò wúlò ju kíkún-un DNA lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ, tó kàn wá gan-an. Tetraodon, tó túmọ̀ sí eléyín mẹ́rin, ni orúkọ tí gbogbo ọ̀wọ́ yìí ń jẹ́. Ẹja tí Linnaeus fi orúkọ náà mọ̀ ní 1758 ni Tetraodon lineatus, kì í sì í ṣe ẹja òkun. Inú odò Náílì, odò Ọya àti adágún Chad ló ń gbé. Fún ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń kó ẹja awú omi dídùn Éṣíà mọ́ orúkọ kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹja Éṣíà tí a tẹ DNA rẹ̀ jáde ní 2004 ń jẹ́ Tetraodon nigroviridis. Ní 2011, Yusuke Yamanoue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ti Áfíríkà, ti Éṣíà àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ omi dídùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú òkun. Ní 2013, Maurice Kottelat yọ àwọn ti Éṣíà kúrò. Èyí tí a ka DNA rẹ̀ ń jẹ́ Dichotomyctere báyìí. Tetraodon wá ku ti Áfíríkà nìkan.

Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Lọ́kọ́ja, mo sì là á. Abala eyín mẹ́rin, kò sí eegun ìhà, kò sí eegun ìbàdí, gẹ́gẹ́ bí Tyler ti yà á. Mo fi í sínú ìgò, mo sì gbé e lọ síbi tí a ń kó irú wọn sí. Ìgò kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ìwé ara rẹ̀ ti pọ́n, orúkọ àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ ló wà lára rẹ̀. Mo kọ tuntun sí ti èmi, mo fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.